Ìgò Tó Jókòó Láàárín Oyin

Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ra bùtà rọ́bà kan l'Ọ́jà Ọba, Ìlọrin, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun òkè ọ̀wọ́n. Ẹni tó tà á fún mi kọ́kọ́ pè é ní méjìdínlógún. Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé ó máa ń kírun fúnra rẹ̀ ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gé náírà mẹ́ta kúrò. Bí ẹ bá ti pa ọlọ́jà lẹ́rìn-ín, owó rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọ̀mọ̀wé tó mọ èyí jù mí lọ.

Èmi kì í ṣe mùsùlùmí o. Ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán ni mo ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì sì ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Àmọ́ nígbà tí ọkọ mi rìnrìn àjò, tí owó ilé yàrá méjì ń fẹ́ jẹ mí dé eegun, mo kó lọ gba yàrá kan ṣoṣo nílé àáfáà àgbà kan. Òfin kan péré ni bàbá náà ní. Gbogbo ayálégbé, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe, ní láti gbé bùtà tó kún fómi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí àlejò tí àkókò ìrun bá ká mọ́bẹ̀ má baà máa wá omi àlùwàlá kiri.

"Ìyàwó," ni bàbá wí fún mi lọ́jọ́ tí mo kó dé, torí ìyàwó ló ń pe gbogbo obìnrin ilé, "àlejò kì í sọ tẹ́lẹ̀."

Òótọ́ ni. Tèmi kò sọ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì wá. Gbogbo àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ni mò ń da omi bùtà náà nù sídìí ìbẹ́pẹ kan tó wà lẹ́bàá ògiri, màá tún pọn omi tuntun sí i. Ọdún méjì gbáko, ìbẹ́pẹ ló ń mu omi àlejò mi. Ó sì so! Ó so débi pé àwọn ọmọ ilé ń bi mí pé oògùn wo ni mo fi sí i. Mo ní oògùn àìlálejò ni.

Oyin ni mò ń tà. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Oyi ló ń gbé e wá fún mi nínú garawa. Èmi á sẹ́ ẹ, màá rọ ọ́ sínú ìgò, màá tò wọ́n sórí pákó níwájú ilé, ìyókù á sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oyin mọ̀ pé ayé ti bàjẹ́. Àwọn kan ń se ṣúgà, wọ́n ń pè é ní oyin, wọ́n á tún fi òkú kòkòrò oyin kan há ẹnu ìgò kí ó lè dà bí òótọ́. Nítorí náà, àṣà wa ni pé kò sẹ́ni tí í ra oyin láìtọ́ ọ wò, olóyin fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Màá ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ inú ìgò lójú oníbàárà, màá lá a, màá gbé e mì, màá dúró díẹ̀ kó rí i pé n kò ṣubú. Lẹ́yìn náà ni màá fún un ní ẹyọ ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí n kò bá tíì tọ́ wò, n kì í tà á. Orí èyí ni mo kọ́ gbogbo òwò mi lé. Òun náà ló sì wó o lù mí.

Ìgò kan wà láàárín àwọn ìgò oyin inú yàrá mi tí kì í ṣe oyin. Bí ẹ bá jìnnà sí i, ẹ ò ní mọ̀. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n, àwọ̀ oyin ìgbà tí igi òrí bá ń tanná. Ọtí òyìnbó ni, wisikí. Ilé mùsùlùmí ni mò ń gbé, ẹ ò sì rí ibi tí à bá fi ọtí pamọ́ sí tó dára ju àárín oyin lọ.

Ọkọ mi ló ni ín. Ó ti wa mọ́tò fún òyìnbó kan tó ń ṣe títì, ọdún mẹ́fà ló fi wà á. Lọ́jọ́ tí òyìnbó ń lọ sílé, ó yẹ kó fún ọkọ mi lówó ìdágbére. Ọkọ mi dé, ó gbé ìgò yìí dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Mo ní, "Owó dà?"

"Ó ní èyí ju owó lọ."

"Gbé e lọ bá oníràìsì, kí o fi ra kóngò márùn-ún, kí n rí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín ni, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ; mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ohun tí ẹ̀rín ń sọ ọlọ́jà dà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1990 wọlé ni òun náà wá gba Ìlú Ọba lọ. Ọdún kan ló ní òun fẹ́ lò. Ó gbé ìgò náà lé kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní, "Má ṣí i o. Ọjọ́ tí mo bá dé la máa ṣí i, èmi pẹ̀lú rẹ, ife méjì."

Ọdún àkọ́kọ́, lẹ́tà márùn-ún. Ọdún kejì, méjì. Ọdún kẹta, káàdì kan tó ya afárá sí, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ, àfi bí ẹni pé mo ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ọmọ ìlú wa kan ti ọ̀hún dé, ó yà kí mi.

"Mo rí i," ló wí. "Ó sanra."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n kí yín."

"Kó kí mi kí n ṣe kí ni?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Mo fún un ní oyin ìgò kan, n kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn.

Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Nítorí náà, ìgò yẹn ni gbogbo ohun tó kù tó dá èmi àti ọkùnrin náà pọ̀. Mo máa ń nù ún bí mo bá ń nu àwọn ìgò oyin. Bí mo bá tà á, mo ti gbà pé kò bọ̀ mọ́ nìyẹn. Bí n kò bá sì tà á, mo ṣì jẹ́ ìyàwó ẹnì kan. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó.

Ọjọ́ òjò kan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Bàbá olùkọ́ kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ wà lápá Tanke, ó máa ń wá ra oyin lọ́wọ́ mi nítorí ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ilẹ̀ Sikọ́tíláǹdì ló ti kàwé. Òjò dé bá a níwájú pákó mi, mo ní kó wọlé kó má baà di aláìsàn sí mi lọ́rùn. Ó wọlé, ó nu awò ojú rẹ̀, ó gbójú sókè wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dìde. Ó na ọwọ́, ó sì mú ìgò náà jáde láàárín oyin, bí ẹni tó dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín ọmọ ilé-kéwú.

"Ìyá olóyin, ta ló fún yín ní èyí?"

"Bàbá, ẹ gbé e sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe oyin."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe oyin. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín?"

"Ọtí òyìnbó ni. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe epo."

Ó jókòó láìjẹ́ pé mo fún un níjòókòó. Ó ní ilé tí wọ́n ti pọn ọtí náà ti kógbá sílé. Wọ́n ti pa iná ibẹ̀, wọ́n ti tú ìkòkò bàbà tí wọ́n fi ń sè é, kò sì sí ẹni tó tún lè ṣe irú rẹ̀ mọ́. Èyí tó wà nínú ìgò káàkiri ayé ló kù.

Mo ní, "Ṣé gbèsè ló pa wọ́n?"

"Ọtí ló pọ̀ jù. Àwọn tó ń mu ún ò tó."

"Wọn ì bá gbé e wá síbí. À bá tilẹ̀kùn bá wọn mu ún."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó wá fi ìka lé nọ́ńbà tó wà lára ìgò. Ó ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọtí náà lò nínú àgbá igi, nínú òkùnkùn, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò.

Mo ní, "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ta ló ń dúró dè?"

Èmi tí mo ti dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, mo ti rò pé mo gbìyànjú.

Nígbà tí òjò dá, bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùtà mi, ó ní òun mọ ẹni tó máa rà á. Ẹgbàáta náírà. Òun á gbé owó náà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹgbàáta náírà nígbà náà, mo lè fi san owó yàrá mi títí irun mi fi máa funfun tán. Mo ní, "Ẹ máa gbé e bọ̀."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Gbólóhùn kan, mo ti ta ọkọ mi. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Mo wọlé padà, mo wo ìgò náà bí ẹni pé ọkọ mi ni, mo ní, "Ó dáa náà, ìwọ lo sanra."

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo gbá yàrá, mo nu ìgò, mo fọ ife. Ọjà fẹ́ jáde. Oníbàárà ń bọ̀ wá san ẹgbàáta náírà, èmi kò sì tíì mọ bí ọjà mi ṣe rí lẹ́nu. Bí wọ́n bá bi mí pé ojúlówó ni bí, kí ni màá wí? Mo mú ọ̀bẹ, mo ya bébà dídán tí wọ́n fi wé ọrùn rẹ̀, mo fa kọ́ọ̀kì rẹ̀ yọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó wá dún bí ẹni tó fẹnu pòṣé.

Bí mo bá ní nítorí òwò nìkan ni mo ṣe ṣí i, irọ́ ni mo pa fún yín. Ife méjì ni mo fọ̀. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi mú èkejì. Mo bu díẹ̀ sínú ọ̀kan, mo bu díẹ̀ sínú èkejì, mo gbé ìyẹn sí òdì kejì tábìlì, níwájú àga tí ẹnì kankan kì í jókòó lé. Àwọn ọmọ kéwú ń ké ní ìta, ẹnì kan ń gún ata. Oòrùn wọlé lójú fèrèsé, ó bọ́ sínú ife méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo kọ́kọ́ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ lá a, bí mo ṣe ń lá oyin. Iná ni. Mo wá gbé ife, mo fi kan ètè. Èéfín ló kọ́kọ́ wọlé, èéfín tí àwọn ará Òkè-Oyi fi ń lé oyin jáde nínú ihò igi. Lẹ́yìn èéfín ni oyin fúnra rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n oyin tí wọ́n ti gba ṣúgà inú rẹ̀, tó ku òórùn rẹ̀ nìkan. Iyọ̀ díẹ̀ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn iyọ̀, àpótí aṣọ ìyá mi, inú rẹ̀ gan-an, bó ṣe máa ń rí nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo bá ki orí bọ̀ ọ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kí gbogbo ilé tó bá kọjá. Mo ti gbé e mì tipẹ́, ó ṣì ń kí wọn.

Mo wo ife kejì. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi wò ó. Ẹni tó ń ké kéwú ti dé ẹsẹ tó máa ń ṣì, wọ́n ti nà án, ó ti tún un kà. Kò sẹ́ni tó wá mu ún. Mo wá mú àrọ tí mo fi ń rọ oyin, mo fi da ọtí rẹ̀ padà sínú ìgò. Ọlọ́jà kì í fi ọjà ṣòfò.

Bàbá olùkọ́ dé nígbà tí oòrùn ti ga díẹ̀, pẹ̀lú agbádá, àpòòwé tó wú ń yọ lápò. Ó rí ìgò lórí tábìlì. Ó rí kọ́ọ̀kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣí i?"

"Mo ṣí i. Mo sì tọ́ ọ wò. Ojúlówó ni, mo lè búra."

"Yéè! Ta ló ní kí ẹ tọ́ ọ wò?"

"Àbí ẹ fẹ́ kí n ta ohun tí n kò tọ́ wò fún yín? Ṣé oníṣúgà ni mí ni?"

Ó di orí mú. Ó ní òyìnbó tí òun fẹ́ tà á fún kì í mu ún. Ó ń kó irú rẹ̀ jọ ni. Èdídí ọrùn rẹ̀ ló ń rà. Bí wọ́n bá ti ṣí i, kò ní fún òun ní kọ́bọ̀.

"Kì í mu ún? Kí ló wá ń fi ṣe?"

"Ó ń wò ó."

"Ẹgbàáta náírà, fún ìwòran?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di tábìlì mú. Ìgbà tí mo rí i pé èmi náà ti ń wo ìgò kan náà láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin wá, lọ́fẹ̀ẹ́, ni ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu mi. Bàbá rọra ti àpòòwé wọnú àpò lọ́hùn-ún. Mo gbọ́ bí bébà rẹ̀ ṣe ń dún.

Ó jókòó. Àga tí ẹnì kankan kì í jókòó lé ló jókòó lé. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ bù fún mi níbẹ̀."

Mo bù fún un. Ó ní kí n fún òun lómi.

Mo mú ife omi. Ó ní rárá, kí n má bù ú. Ẹ̀kán méjì ni, ẹ̀kán mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni mo ní nílé tó lè ṣẹ́ omi ní ẹ̀kán méjì? Mo jáde síta, mo gbé bùtà wọlé. Bàbá wò ó, ó wò mí, ẹ̀rín pa òun náà. Mo tẹ ẹnu bùtà sórí ife rẹ̀, ó kán, ó kán, mo gbé e kúrò. Òórùn ọtí náà ṣí bí ilé tí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀. Ó mu díẹ̀, ó pajú dé. Ó ní ilẹ̀ ni wọ́n máa ń fi dáná lábẹ́ ọkà rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹrẹ̀ àbàtà tí wọ́n sá títí ó fi gbẹ. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, òun máa ń gba ẹ̀yìn ògiri wọn kọjá nínú òtútù, kí òun lè gbọ́ òórùn èéfín náà, torí pé ó jọ òórùn oko bàbá òun bí wọ́n bá dáná sungbó. Òun kò lówó láti mu ún nígbà náà. Ó ní òun nìkan ni dúdú ní gbogbo àdúgbò yẹn.

Mo ní, "Ẹ ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀?"

"Ògiri," ló wí.

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí àáfáà onílé kọjá. Ó máa ń wo bùtà ẹnu ọ̀nà gbogbo ayálégbé bó bá ń lọ kí ìrun Ayìlá. Kò rí tèmi. Ó sálámà, ó yọjú.

"Ìyàwó, bùtà rẹ gba àlejò lónìí?"

"Ó gbà á, Bàbá. Àkọ́kọ́ ni."

Inú rẹ̀ dùn. Ó rí ife, ó rí bùtà lórí tábìlì. "Oyin wo lẹ wá ń tọ́ wò, tí ẹ ń bomi lù? Ìwọ náà ti ń bomi lu oyin?"

Kò sí èébú tó ju ìyẹn lọ fún olóyin. Ǹ bá dákẹ́, n kò lè dákẹ́. Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kì í ṣe oyin, Bàbá."

Ó fimú fa òórùn rẹ̀. "Subuhánalláhì." Ó wo bùtà náà bí ẹni wo ọmọ tí wọ́n bá láàárín ẹgbẹ́ búburú. "Omi ló jáde nínú rẹ̀. Nǹkan kan kò wọ inú rẹ̀. Bùtà kò jẹ̀bi."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Ṣùgbọ́n èmi ti rí i."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò lé mi, kò sì bá mi jà, kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ń wo bùtà ilé, ojú rẹ̀ máa ń fo ẹnu ọ̀nà mi. Èmi fúnra mi ni mo gbé e wọlé. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kankan kò bi mí pé bùtà mi dà, ìbẹ́pẹ nìkan ló mọ̀ pé omi kò dé mọ́.

Bàbá olùkọ́ dúpẹ́, ó lọ. Kò wá ra oyin mọ́. Mo gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti wá gbé e lọ sí Kàdúná. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń mu ìyókù, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìdérí ìgò oyin kan, ẹ̀kán omi méjì láti ìka mi. Ife kan ṣoṣo ni mò ń fọ̀. Láti ìparí òjò ọdún náà títí òjò ọdún kejì fi dé ni mo fi mu ún tán. Mo fi omi gbígbóná àti yanrìn fọ ìgò náà, mo rọ oyin sí i, mo tò ó sórí pákó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Tanke ló rà á. Ó tọ́ ọ wò lẹ́yìn mi, ó fajú ro.

"Ìyá olóyin, oyin yìí ń rùn èéfín."

"Báwo lo ṣe rò pé wọ́n ń lé oyin kúrò nílé rẹ̀? Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ ni?"

Ó san owó oyin, ó fi náírà méjì owó ìgò lé e.

Mo jókòó ṣírò. Ẹgbàáta náírà kò wọ ọwọ́ mi rí, n kò sì lè ní mo pàdánù ohun tí n kò fọwọ́ kàn. Ọkọ mi kò sí lórí ìṣirò. Ẹni tó sanra ní Ìlú Ọba, òṣùwọ̀n tèmi kò lè gbé e. Ohun tí mo fi owó ara mi rà, tó wá di ìdọ̀tí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni bùtà, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo yọ náírà méjì ìgò kúrò nínú rẹ̀. Ó ku náírà mẹ́tàlá.